Ta Ló Ni Aláìsàn Tó Bọ́ Sáàárín Ilé Méjì? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Àìdọ́gba Ìlera

Ìbéèrè tí a ń dáhùn lóṣù yìí jẹ mọ́ England nìkan, níbi tí NHS (ètò ìlera ìjọba), káńsù (ìjọba ìbílẹ̀), ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ará àdúgbò ti ń gbìyànjú láti jọ ṣiṣẹ́, kí ibi tí èèyàn ń gbé, iye tó ń gbà àti àwọ̀ ara rẹ̀ má baà máa pinnu bó ṣe máa pẹ́ láyé tó. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. Ẹ má fi ohun tó wà níhìn-ín ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè: *Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá pè wá sí, ICS, ICB, ICP, PCN ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ta ló ń ṣe kí ni nínú wọn? Ọ̀dọ̀ ta ni ká gbé ẹjọ́ wa lọ?* (Alága ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò, Peckham)

Ẹ kú ìfaradà, Alága. Ẹ máa béèrè ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdarúdàpọ̀ náà á dín kù. ICS kì í ṣe ọ́fíìsì. Orúkọ àpapọ̀ ni fún gbogbo àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ní agbègbè kan. Òfin tí wọ́n ń pè ní Health and Care Act 2022 ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2022, pẹ̀lú agbègbè 42. Nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ICB ni àpò owó NHS wà: òun ló ń sanwó fún ilé ìwòsàn, GP (dókítà àdúgbò), kẹ́mísìtì àti ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. ICP jẹ́ ìgbìmọ̀ tí ICB àti àwọn káńsù jọ dá sílẹ̀. Ìwé ètò ni iṣẹ́ rẹ̀, àpò owó kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. PCN ni àwọn ilé ìwòsàn GP mélòó kan tó so pọ̀, tí wọ́n sábà máa ń tọ́jú èèyàn bíi 30,000 sí 50,000.

Àpò káńsù yàtọ̀. Láti oṣù Kẹrin 2013 ni ètò ìlera gbogbogbòò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìrànwọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá, àyẹ̀wò NHS Health Check fún àwọn ẹni ọdún 40 sí 74, àti, láti oṣù Kẹwàá 2015, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ọmọ jòjòló wò nílé. Ìtọ́jú àgbàlagbà nílé, ti káńsù náà ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn lórí ohun tó jẹ́ ti káńsù, ẹni tó gbà á á ní kì í ṣe tòun, kò sì ní fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ti gbà pé ó jẹ́ ìṣòro àdúgbò yín, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní JSNA lọ́wọ́ Health and Wellbeing Board káńsù yín. Òfin ló ní kí wọ́n kọ ọ́, ará ìlú ló sì ni ín láti kà. Ẹ wá ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò yín. Tí kò bá sí, ẹ ti rí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé dìde nípàdé tó ń bọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é bíi pé ojúrere ni wọ́n ń ṣe fún yín. Dídín àìdọ́gba kù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ICS sílẹ̀. Abala 149 nínú Equality Act 2010 tún pọn ọn lé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lórí láti ro bí ìpinnu wọn ṣe máa kan èèyàn nítorí ẹ̀yà, ọjọ́ orí, àbùkù ara, oyún, ẹ̀sìn àti àwọn nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó ṣe ìpinnu náà. Tí wọ́n bá fẹ́ ti ibùdó ìtọ́jú kan pa, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ro ó hàn yín.

Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba kéde pé àwọn máa fòpin sí NHS England, iléeṣẹ́ tó ń darí NHS, wọ́n sì ní kí àwọn ICB gé owó tí wọ́n fi ń ṣàkóso ara wọn kù ní nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà, orúkọ àti ààlà àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lè yí padà. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ìbéèrè: *Ká sòótọ́, ṣé kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa kì í tọ́jú ara wọn ni? Wọ́n ń pè wọ́n fún àyẹ̀wò, wọn kì í lọ.* (Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, Leeds)

A kò gbà pẹ̀lú yín, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà lọ sí ilé tí èèyàn ti kó kúrò lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n fi àyẹ̀wò sí ago mẹ́wàá àárọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, tàbí ẹni tí kò ní gba kọ́bọ̀ fún wákàtí tí kò bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fi nọ́ńbà tí kò hàn pè é, kò sì gbé e. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn: “kò wá”.

Julian Tudor Hart, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé àwọn awakùsà ní Glyncorrwg, Wales, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Lancet lọ́dún 1971 pé ibi tí àìní ìtọ́jú bá ti pọ̀ jù ni ìtọ́jú tó dára ti ń ṣọ̀wọ́n jù. Nígbà tí Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn lórí àìdọ́gba ìlera ní England jáde ní 2010, wọ́n fi hàn pé kì í ṣe àwọn tálákà paraku nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Bí àtẹ̀gùn ló rí: ẹni tó wà lórí ìpele kan, ara rẹ̀ kì í le tó ti ẹni tó wà lórí ìpele tó ga ju tirẹ̀ lọ, títí dé òkè. Ìdí nìyí tí ìwádìí náà fi dámọ̀ràn pé kí ìtọ́jú jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kí ó máa nípọn sí i bí àìní bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ohun tí ẹ lè ṣe níbi iṣẹ́ yín: ẹ mú orúkọ 20 lára àwọn tí wọ́n kọ “kò wá” sí, kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn pè wọ́n, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: kí ló dí yín lọ́wọ́? Ẹ pín ìdáhùn sí àkókò, ọ̀nà tó jìn, èdè, ẹ̀rù, àti àdírẹ́sì tí kò pé. Ìkọ̀ọ̀kan ní ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Àkókò, PCN ni, nítorí wọ́n ní ètò ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé. Àdírẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ iwájú ilé ìwòsàn GP ni. Tó bá jẹ́ owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà darí èèyàn sí, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù HC1. Ìwé HC2 tàbí HC3 tí wọ́n bá fún un ló máa fi gba owó náà padà, ní odidi tàbí ní apá kan. Tí kò bá gbà á níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀mù HC5 wà, ó sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò kan ìbẹ̀wò lásán sọ́dọ̀ GP.

Ìbéèrè: *Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí jọ ṣe ọjọ́ ìlera. Èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, a kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Báwo ni ká ṣe ti ọdún yìí?* (Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Thamesmead)

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìlera ni kì í ní ju àwòrán lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá síwájú: ta ló máa gba èsì?

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni mẹ́ta: alákòóso PCN, kẹ́mísìtì àdúgbò, àti òṣìṣẹ́ ìlera gbogbogbòò láti káńsù. Ẹ jọ kọ ojú ewé kan tó sọ orúkọ ẹni tó máa gba èsì, ọjọ́ mélòó tó ní láti pe aláìsàn, àti ẹni tó máa tún pe àwọn tí kò bá wá. Ẹ ṣírò ààyè. Ká ní ẹ ń retí èèyàn 80, tí ẹ sì rò pé ìfúnpá 25 nínú wọn lè ga, kí PCN fi ààyè 25 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Tí wọn kò bá tíì fi í sílẹ̀, ẹ má tíì lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri. Kí ẹ sọ fún èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó má sì rí ẹni tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rù lásán lẹ kó bá a.

Ọjọ́ náà gan-an ńkọ́? Ẹ lo ẹ̀rọ tó wà lórí àkójọ British and Irish Hypertension Society. Ẹ mú aṣọ ìwépá oríṣi mẹ́ta dání, kékeré, àárín àti ńlá, nítorí èyí tó bá kéré ju apá lọ á mú kí ìfúnpá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Kí ó ti tọ̀ ná. Èyí kò ṣeé ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn tí akọrin ń lò. Ẹ wá yàrá lọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ láti mọ̀ bóyá ọkàn ń lù déédéé. Tí kò bá lù déédéé, ẹ̀rọ lè ṣì wí, kí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì sọ fún GP. Tó bá tó 140/90, ẹ tún un wọ̀n. Tí èkejì bá yàtọ̀ gan-an sí àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ sì kọ èyí tó kéré nínú méjì tó gbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá wà láàárín 140/90 sí 179/119, kò tíì di pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀rọ oníwákàtí 24 tàbí wíwọ̀n nílé ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti ilé: ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí ìṣẹ́jú kan ó kéré tán wà láàárín méjèèjì, fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje, kí wọ́n yọ ti ọjọ́ kìíní dà nù, kí wọ́n wá ìpíndọ́gba ìyókù. 135/85 ni ààlà nílé, kì í ṣe 140/90, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá tó 180/120, ẹ má jẹ́ kó lọ sílé láìbá GP tàbí 111 (nọ́ńbà ìmọ̀ràn NHS) sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Tí àyà bá ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú tàbí ẹ̀gbẹ́ ara kan rọ, 999 (nọ́ńbà pàjáwìrì) ni kí ẹ pè.

Fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìlera ti ń kùnà. Ẹ gba orúkọ tó wà lákọsílẹ̀ GP, kì í ṣe orúkọ tí a fi ń pè é nínú ìjọ. Ẹ gba ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, fóònù, orúkọ ilé ìwòsàn GP, nọ́ńbà NHS oníẹyọ mẹ́wàá tó bá mọ̀ ọ́n, iye tí ẹ wọ̀n, àti ìbuwọ́lù ìyọ̀ǹda pé kí ẹ fi ránṣẹ́. Láìsí ọjọ́ ìbí, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nílé ìwòsàn lè pọ̀, èsì náà kò sì ní wọ àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Kẹ́mísìtì wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2021 ni NHS ti ń sanwó fún wọn láti wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ti pé 40 ọdún, àwọn tó ń ṣe é sì lè gbé ẹ̀rọ oníwákàtí 24 wọ èèyàn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn èèyàn wa mọ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ní kí wọ́n fi oògùn irú amlodipine bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá láti Áfíríkà tí kò ní àtọ̀gbẹ, nítorí irú ramipril nìkan kì í sábà ṣiṣẹ́ tó lára wa. Tí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, tàbí tó ń wú ẹsẹ̀, kí èèyàn padà lọ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Dídá oògùn dúró fúnra ẹni lè yọrí sí rọpárọsẹ̀ àti àìsàn kíndìnrín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè iye mẹ́rin lọ́wọ́ PCN: àwọn tí tiwọn ga, àwọn tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ti rí, àwọn tó ti ń lo oògùn, àti àwọn tí ìfúnpá wọn ti wálẹ̀. Ibi tí iye bá ti já wálẹ̀ lójijì láàárín méjì nínú wọn, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn yín ti bọ́.

Ìbéèrè: *Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé ọ̀rẹ́ ló ń gbé. Ilé ìwòsàn GP kan ní àfi tó bá mú bíìlì iná wá kí wọ́n tó gbà á. Oyún sì wà nínú rẹ̀.* (Manchester)

Wọ́n ṣàṣìṣe. Kò sí ìwé ìdánimọ̀, ẹ̀rí àdírẹ́sì, ìwé ìgbélùú tàbí nọ́ńbà NHS tó pọn dandan kí wọ́n tó forúkọ èèyàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Wọ́n lè béèrè, ṣùgbọ́n wọn kò lè tìtorí pé kò ní i kọ̀ ọ́. Lára àwọn tí wọ́n lè kọ̀ ni ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ààlà wọn, tàbí tí wọ́n bá ti ti ìwé orúkọ wọn pa, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín ọjọ́ 14. Kí àbúrò yín sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.” Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ kọ̀wé sí ICB.

Rírí GP jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ilé ìwòsàn yàtọ̀: wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò kan fún ìtọ́jú lẹ́yìn pàjáwìrì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó san owó ìlera pẹ̀lú físà rẹ̀. Ti oyún ní pàtàkì, wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n dá a dúró nítorí owó, bí wọ́n tilẹ̀ máa fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Kí ó lọ rí agbẹ̀bí kíákíá. Ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí ikú àwọn aboyún ń fi hàn lọ́dọọdún pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ń kú ní ìwọ̀n tó ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ. Tó bá ní orí ń fọ́ òun kíkankíkan, tàbí ọmọ inú kò rìn bó ṣe ń rìn mọ́, kí ó pe ẹ̀ka agbẹ̀bí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ó má dúró di ìpàdé tó kàn.

Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí i lọ́wọ́, kí ó sọ nígbà tó ń gba àkókò pé òun fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, kí ó sì ní kí wọ́n fún òun ní àkókò ìlọ́po méjì. Ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n má ṣe lo ọmọdé ṣe ògbufọ̀ láé.

Ìbéèrè: *Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 15, ó sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo ìgbà tí ìrora bá dé, a máa ń tún ìtàn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní yàrá pàjáwìrì.* (Ìyá kan, Birmingham)

Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ìlànà NICE láti 2012 ní kí aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìrora dé bá rí oògùn ìrora gbà láàárín ìṣẹ́jú 30 tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 30, 30 títí tí ìrora fi máa rọlẹ̀. Ìlànà kan náà ní kí wọ́n ka aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ nípa ìrora náà. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn yìí gbé ìròyìn jáde tó fi hàn pé ìtọ́jú kò dé ojú ìwọ̀n náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí, kò sì yẹ kó máa ṣẹlẹ̀.

Ìwé ètò ìtọ́jú olójú ewé kan ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Kí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn àti ìwọ̀n tó máa ń ṣiṣẹ́ fún un, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka fòníkú-fọ̀ladìde ní ọ̀sán àti lóru, àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ọ́síjìn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó, torí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka lè sọ pé ọ́síjìn pọ̀ ju bó ṣe wà lọ lára aláwọ̀ dúdú. Ẹ mọ̀ pé ìlànà ní kí wọ́n má lo oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní pethidine. Ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà yàrá pàjáwìrì, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ áńbúláǹsì, lọ́dọ̀ GP, ní ilé ẹ̀kọ́, àti lórí fóònù ọmọ náà. Ẹ béèrè ẹni tó máa fi í dé ibi kọ̀ọ̀kan. Tí ìdáhùn bá jẹ́ “wọ́n á rí i”, kò sí ẹni tó máa fi í ránṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀: kí wọ́n jẹ́ kó mu omi nínú kíláàsì, kó lọ tọ̀ nígbàkígbà, kó má sì dúró nínú òtútù. Ibà tó tó 38, àyà dídùn, mímí tó nira tàbí ẹ̀gbẹ́ tó rọ kì í ṣe ohun à ń wò níran.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ìkọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àgbà báyìí, kí ó tó di 18. Fòníkú-fọ̀ladìde kò sí lára àìsàn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yọ èèyàn kúrò nínú sísan owó oògùn ní England. Nígbà tí ọ̀fẹ́ ti ọjọ́ orí àti ilé ẹ̀kọ́ bá parí, káàdì àsansílẹ̀ oṣù mẹ́ta tàbí ti ọdún kan máa dín ìnáwó náà kù fún ẹni tó ń gba oògùn púpọ̀.

Ìbéèrè: *Ìròyìn tí wọ́n kà fún wa ní àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ti pọ̀ sí i lágbègbè wa. Ṣé àlàfo ti dín kù nìyẹn?* (Ọmọ ìgbìmọ̀ kan, Luton)

Kò tíì dájú. Ká ní àdúgbò ọlọ́rọ̀ wà ní 72 nínú 100, ti àwọn tálákà wà ní 52. Lẹ́yìn ọdún kan, ó di 80 àti 55. Méjèèjì gòkè, àpapọ̀ dára, ṣùgbọ́n àlàfo ti kúrò ní 20, ó ti di 25. Iye méjì ni kí ẹ máa béèrè, ẹ má gba ìpíndọ́gba nìkan.

NHS ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Core20PLUS5. “Core20” ni ìdá 20 nínú 100 àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù. “5” ni oyún, àìsàn ọpọlọ tó le, àìsàn èémí, rírí jẹjẹrẹ ní kùtùkùtù, àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ń fi àdúgbò kéékèèké tó ní èèyàn bíi 1,500 ṣe ìwọ̀n náà. Ibi tó ti ń já nìyí: tálákà tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn òpópónà àwọn ọlọ́rọ̀ kò ní hàn nínú rẹ̀. Ìdí tí “PLUS” fi wà nìyẹn, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan lè fi àwọn tí ìwọ̀n náà fojú fò kún un. Ẹ béèrè àwọn tó wà nínú “PLUS” tiyín.

Àpótí “Black African” lórí fọ́ọ̀mù kó ọmọ Yorùbá, ọmọ Sòmálíà àti ọmọ Zimbabwe pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kò jọra. Ẹ ní kí wọ́n máa kọ èdè sílẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá sì ní iye náà kéré jù láti gbé jáde kí ẹnikẹ́ni má baà dá èèyàn mọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n da ọdún mẹ́ta pọ̀, kí wọ́n má da ẹ̀yà pọ̀.

Ìbéèrè: *Wọ́n ní “alábàáṣiṣẹ́” ni ẹgbẹ́ wa. Ìpàdé mẹ́rin lóṣù, kò sí owó, wọ́n sì fẹ́ ká fi orúkọ àwọn èèyàn wa ránṣẹ́.* (Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláàánú kékeré, Coventry)

Ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ fún oṣù kan: ìpàdé, ìrìn, ìpè fóònù, títúmọ̀ ìwé. Ẹ gbé e lọ fún wọn. Gbogbo àwọn yòókù tó wà lórí tábìlì yẹn ló ń gba owó oṣù. Ẹ béèrè iye tó máa gbé iṣẹ́ náà dé òpin, pẹ̀lú owó yàrá, iná àti ìbánigbófò, kì í ṣe owó òṣìṣẹ́ nìkan. Ẹ sì béèrè fún ọdún mẹ́ta. Nínú owó ọdún kan, oṣù mẹ́ta lè lọ sí wíwá òṣìṣẹ́. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ẹni tí ẹ rí á ti máa wá iṣẹ́ mìíràn, ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọkàn tán an.

Ní ti orúkọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìlera ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tilẹ̀ sí ìdí fún un: GP lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n kàn sí yín, àwọn tó bá fẹ́ á sì fúnra wọn pè. Tí orúkọ bá gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, ìdí rẹ̀, ẹni tó lè rí i àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ní òfin kò gbà kí òun sọ ohunkóhun rárá, ẹ rán an létí ìkeje nínú àwọn ìlànà Caldicott, tí NHS ń tẹ̀ lé lórí àṣírí aláìsàn: nínú ìtọ́jú aláìsàn, ojúṣe láti sọ ohun tó yẹ fún ẹni tó yẹ ṣe pàtàkì tó ojúṣe láti pa àṣírí mọ́.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ fi ìlà kan kún un nípa ọjọ́ tí owó bá tán: ta ló máa gba àwọn aláìsàn tó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́.